“Ó kàn ń ro ó díẹ̀ ni”: Ṣé òótọ́ ni tíìmù baseball ń sọ tí agbábọ́ọ̀lù wọn bá fara pa?

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà 2023, Aaron Judge tó ń gbá baseball fún New York Yankees sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá sókè ní pápá Dodger Stadium ní Los Angeles, ó hán an lóòótọ́, àmọ́ eré tó ń sá bọ̀ ò jẹ́ kó lè dúró mọ́, ló bá fi gbogbo ara gbá ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí tí ilẹ̀kùn náà fi ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún sì lọ gbá kọ́ńkéré tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí Yankees kọ́kọ́ sọ ni pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà wú, pé iṣan ibẹ̀ sì rọ́. Kò tíì pé oṣù kan tí Judge fúnra ẹ̀ la ẹnu, ó ní iṣan inú àtàǹpàkò náà ti ya.

Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Àwọn kan ní Yankees parọ́ fún wọn, àwọn kan ní kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ láti ọjọ́ kìíní. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé àwọn méjèèjì ló ní nǹkan tí wọ́n dì mú. Ìdí tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ọdún tí kì í jẹ yọ, orúkọ èèyàn àti ibi tó ń dùn ún ló kàn ń yí padà, tí àwọn èèyàn á sì máa bú ara wọn láìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí tíìmù lò túmọ̀ sí, láìmọ ẹni tó máa pàdánù owó tí òótọ́ bá jáde.

Kí ni Injured List tí wọ́n máa ń dárúkọ yìí?

MLB, ìyẹn líìgì baseball tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, ní tíìmù 30, tíìmù kọ̀ọ̀kan á sì gbá eré 162 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà lórí pápá. Èèyàn 26 ni tíìmù lè lò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan bá wá fara pa, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sínú Injured List, tí gbogbo èèyàn ń pè ní IL, wọ́n á wá mú ẹlòmíì gòkè láti líìgì kékeré kó wá dí àyè ẹ̀. Disabled List ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ọdún 2019 ni wọ́n yí orúkọ náà padà, torí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara sọ pé ẹni tó fara pa kì í ṣe aláàbọ̀ ara, kí wọ́n má pa méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ 10 ló kéré jù tí ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù máa lò níbẹ̀. Pitcher, ìyẹn ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù náà sí ẹni tó mú igi lọ́wọ́, máa lo ọjọ́ 15. Ti ọjọ́ 60 wà fún ẹni tí tiẹ̀ le, ti ọjọ́ 7 sì wà fún ẹni tó forí gbá nǹkan tí ọpọlọ ẹ̀ mì, ọdún 2011 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí IL ń gba owó oṣù ẹ̀ pé, ọjọ́ tó bá lò níbẹ̀ sì máa wọ inú iye ọdún tí wọ́n máa kà fún un pé ó ti ṣiṣẹ́.

Ibí ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 ló wà fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá dín in kù sí 10 lọ́dún 2017, ọdún yẹn náà ni Los Angeles Dodgers bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn pitcher wọn wọlé gbé wọn jáde lọ́nà tí ojú gbogbo èèyàn fi là, èyí á lọ sinmi, èyí á padà dé. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹsẹ̀ kan ò dùn wọ́n, apá kan ò dùn wọ́n, wọ́n kàn ń fi IL sinmi ni, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹ̀: phantom IL, ìyẹn ìfarapa tí ò sí níbì kankan. Nígbà tó di 2022, líìgì dá ti àwọn pitcher padà sí ọjọ́ 15.

Dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí orúkọ èèyàn tó wọ IL, torí náà kì í ṣe pé máníjà kàn lè jí lówùúrọ̀ kó kọ orúkọ ẹni tó bá wù ú. Àmọ́ ẹ wò ó, èwo ni pitcher tó ti ń sọ bọ́ọ̀lù láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹjọ tí èjìká ò ní máa ro? Tí dókítà bá wá a dáadáa á rí nǹkan kọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rò ni pé agbábọ́ọ̀lù náà lè máà bínú sí i rárá. Owó tó kéré jù tí wọ́n ń san ní MLB lọ́dún 2025 jẹ́ 760,000 dọ́là fún ọdún kan, owó líìgì kékeré ò sì sún mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ní kó yàn, láàárín kí wọ́n dá a padà sísàlẹ̀ àti kí wọ́n kọ ọ́ sórí IL, ó mọ èyí tó máa mú.

“Sprain”, “soreness”, “discomfort”: kí ni wọ́n ń sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtàǹpàkò Judge. Tí àwa Yorùbá bá ní ẹsẹ̀ ẹnì kan rọ́, ohun tó máa wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n fi òrí ra á, kó fẹsẹ̀ lélẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ṣe ń gbọ́ “sprain”. Lọ́dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ yẹn jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan tó so egungun kan mọ́ èkejì ni wọ́n ń sọ, ìpele mẹ́ta ló sì wà: nínú èkíní iṣan náà kàn fà, bóyá ó sán díẹ̀díẹ̀, nínú èkejì apá kan ẹ̀ ti ya, nínú ẹ̀kẹta ó ti já pátápátá. Gbogbo ẹ̀ pátá, sprain ni wọ́n ń jẹ́. “Strain” náà ò yàtọ̀, ẹran ara ni tiẹ̀ ń sọ. Tíìmù tó bá wá sọ pé sprain ni, tí kò sọ ìpele tó wà, kò parọ́ rárá, àmọ́ kò sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀.

“Soreness”, “tightness” àti “discomfort” tiẹ̀ tún wá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í ṣe orúkọ àìsàn kankan. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù náà sọ pé òun ń mọ̀ lára ni wọ́n: ó ń ro mí, ó ń fún mi, ara ò rọ̀ mí níbẹ̀. Tíìmù lè sọ ọ́ lóòótọ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tún lè sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ti rí èsì àyẹ̀wò tí wọn ò tíì fẹ́ kó jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tó ń wo baseball pẹ́ mọ èyí débi pé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìgúnpá pitcher kan “ń ro ó díẹ̀”, àyà wọn á já, torí iṣan kan wà nínú ìgúnpá tí wọ́n ń pè ní UCL, òun ni gbogbo agbára sísọ bọ́ọ̀lù máa ń fà, tó bá já, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi orúkọ Tommy John pè ló kù. Lọ́dún 1974 ni Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe é fún Tommy John fúnra ẹ̀, pitcher Dodgers nígbà yẹn, ó mú iṣan láti ibòmíì lára ẹ̀ fi dípò èyí tó já. Ọkùnrin náà padà sórí pápá lọ́dún 1976, ó sì sọ bọ́ọ̀lù títí di 1989. Ẹni tó bá ṣe é lónìí máa jókòó sílé fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Nítorí náà, láàárín “ó ń ro ó díẹ̀” àti “ó di ọdún tó ń bọ̀”, àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ti Anthony Rendon yàtọ̀ sí ti Judge ṣá. Oṣù keje 2023 ló gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ara ẹ̀ lójúgun, Los Angeles Angels ní ibẹ̀ kàn wú ni. Lóṣù kẹsàn-án Rendon sọ fún àwọn oníròyìn pé egungun ojúgun òun ti kán, pé àárín oṣù kẹjọ ni wọ́n rí i. Ẹ ò lè sọ pé wíwú àti kíkán jẹ́ ìpele ohun kan náà. Inú bí àwọn olólùfẹ́ Angels gan-an, torí kọ́ńtíráàkì ọdún méje tí owó ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 245 dọ́là ni wọ́n fún un, àwọn kan sì ti ń sọ pé ọ̀lẹ ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀lẹ yẹn, egungun tó kán ló ń gbé kiri.

Nígbà míì sì wà tí kò sẹ́ni tó parọ́ rárá. Lọ́dún 2023 yẹn náà, ní ìparí oṣù karùn-ún, Anthony Rizzo ti Yankees àti Fernando Tatis Jr. ti San Diego Padres ṣèèṣì fara gbá ara wọn lórí pápá. Wọ́n yẹ Rizzo wò, ó yege, wọ́n ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ. Látìgbà yẹn ló ń gbá igi tí ò bá bọ́ọ̀lù mọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìdí, àfi ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ọpọlọ tó mì lọ́jọ́ náà ò tíì bọ̀ sípò.

Kí ló ń mú kí agbábọ́ọ̀lù pa ìrora mọ́ra?

Torí pé wọ́n ń yìn wọ́n tí wọ́n bá pa á mọ́ra tó sì já sí rere. Ẹ wo Freddie Freeman ti Dodgers lọ́dún 2024. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ́, gbogbo ayé rí ìyẹn, ó ń tiro lójú gbogbo èèyàn. Ohun tí wọn ò rí ni pé nígbà tí ìdíje àṣekágbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, egungun rírọ̀ tó wà nídìí ìhà ẹ̀ tún kán. Ó dákẹ́ ẹ́. Tíìmù náà dákẹ́ ẹ́. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹwàá, nínú eré àkọ́kọ́ nínú World Series, ìyẹn ìdíje láàárín tíìmù méjì tó kù níkẹyìn, ó fi ìhà yẹn gbá bọ́ọ̀lù kan jáde kúrò ní pápá tí èèyàn mẹ́ta wà lórí ìlà, bí Dodgers ṣe na Yankees nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gba ife tán la tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìhà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Nínú World Series yẹn náà ni èjìká òsì Shohei Ohtani yẹ̀ nínú eré kejì. Dodgers sọ ọ́, wọ́n ní ó yẹ̀ ni, ó sì gbá gbogbo eré tó kù. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ibẹ̀ la ti wá gbọ́ pé nǹkan ti ya nínú èjìká ọ̀hún.

Ìdí tí wọ́n fi ń bò ó nírú àsìkò yẹn ò ṣòroó mọ̀. Tí pitcher tíìmù kejì bá mọ̀ pé ìhà ẹnì kan ń dùn ún, á máa sọ bọ́ọ̀lù síbi tó máa ní láti yí ara ẹ̀ gidi kó tó lè gbá a. Èyí ni àlàyé tí àwọn máníjà máa ń ṣe, àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù sì sábà máa ń gbà á fún wọn.

Tó bá já sí búburú ńkọ́? Ní ìparí oṣù kẹrin 2017, Noah Syndergaard ti New York Mets, tó ń sọ bọ́ọ̀lù bí ọta ìbọn nígbà yẹn, sọ pé apá ń ro òun, Mets ní kó lọ ya àwòrán inú apá, ó ní òun ò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e wọ pápá ní Washington. Inú ìpele kejì eré náà ló ti di abẹ́ apá mú, iṣan ẹ̀yìn èjìká ẹ̀ ti ya, eré náà parí sí 23 sí 5, Mets ni wọ́n nà, àti pé oṣù kẹsàn-án ló tó tún padà dé orí pápá. Sandy Alderson tó ń darí Mets sọ pé òun ò lè so ó mọ́lẹ̀ kóun fi tipá tì í sínú ẹ̀rọ. Àwọn kan gbà pé òótọ́ ló sọ. Àwọn kan ní kí ló dé tí wọ́n wá gbé e wọ pápá nígbà náà?

Ti Roki Sasaki tún wà, ọmọ Japan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Dodgers lọ́dún 2025. Èjìká ti ń dà á láàmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó sọ fún wọn lóṣù karùn-ún. Àlejò tí kò tíì fìdí múlẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi han ayé pé òun tó bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ké gbàjarè.

Ẹni tó bá wá sọ òótọ́ ńkọ́?

Níbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà.

Inú kọ́ńtíráàkì àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé wọn ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, wọn ò gbọdọ̀ gbá basketball, àti àwọn nǹkan míì tó lè ṣe wọ́n léṣe nígbà ìsinmi. Lóṣù kẹta 2002, Jeff Kent ti San Francisco Giants fi ọrùn ọwọ́ kán, ó ní ọkọ̀ òun lòun ń fọ̀ tóun fi ṣubú. Àwọn tó ṣojú wọn ní orí ọ̀kadà ni wọ́n ti rí i tó ń dá àrà. Kò pàdánù kọ́ńtíráàkì ẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde nígbà 37 lọ́dún yẹn, Giants sì dé World Series.

Lóṣù kìíní 2004, Aaron Boone ti Yankees, tó jẹ́ pé oṣù kẹwàá tó ṣáájú ló gbá bọ́ọ̀lù tó lé Boston Red Sox kúrò nínú ìdíje, ń ta basketball pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, iṣan orúnkún ẹ̀ já. Ó lè wá itàn kan so pọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó pe Yankees, ó sọ ohun tó ń ṣe gan-an fún wọn. Kọ́ńtíráàkì ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5.75 dọ́là, wọ́n fagi lé e, ohun tó rí gbà níbẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan, wọ́n sì lọ mú Alex Rodriguez wá dípò ẹ̀. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló rí bí ọ̀rọ̀ Kent ṣe parí, wọ́n sì rí bí ti Boone ṣe parí. (Boone yìí kan náà ni máníjà Yankees láti ìparí 2017, òun ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò Judge lójoojúmọ́ lọ́dún 2023.)

Tíìmù náà ní àlàyé tiwọn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: àwọn ló ń san owó, àdéhùn ló wà nínú ìwé, ẹni tó bá da àdéhùn kò lè ní kí wọ́n máa sanwó fún òun lọ. Ohun tí Mets fi dín owó Yoenis Céspedes, ọmọ Cuba, nìyẹn, nígbà tó fi ọrùn ẹsẹ̀ kán lóko ẹ̀ ní Florida lóṣù karùn-ún 2019. Ó yẹ kó gba mílíọ̀nù 29.5 dọ́là fún 2020, wọ́n gé e lulẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́fà.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti J.R. Richard, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń pe agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀lẹ mọ̀ ọ́n. Pitcher Houston Astros ni, ọkùnrin dúdú, ó ga gọgọrọ, ó lé ní mítà méjì. Lọ́dún 1979, èèyàn 313 ló fi bọ́ọ̀lù lé kúrò nídìí igi. Lọ́dún 1980 ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé apá òun ti kú, pé ó ń rẹ̀ ẹ́, pé òun ò rí ohun tí wọ́n ń fọwọ́ júwe fún òun dáadáa. Àwọn oníròyìn àti olólùfẹ́ tíìmù ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n ní ó ń jowú Nolan Ryan tí Astros ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún. Wọ́n ní báwo ni ẹni tí apá ń dùn ṣe ń sọ bọ́ọ̀lù dáadáa tó báyìí, torí ó ṣì ń borí, òun ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré àwọn ìràwọ̀ lóṣù keje. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó lọ sí apá ẹ̀, wọ́n ní kò tíì nílò iṣẹ́ abẹ, kó máa ṣe eré ìdárayá tí ẹnì kan á máa mójú tó. Lọ́jọ́ 30 oṣù keje 1980, ó ń ju bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ nínú pápá Astrodome, ó ṣubú lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún péré ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà, ó yè é, àmọ́ kò tún gbá bọ́ọ̀lù ní MLB mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 2021, ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ abẹ́ afárá ní Houston ló ń sùn.

Richard ò bo nǹkan kan. Ó sọ ọ́, wọn ò gbà á gbọ́.

Ṣé àwọn tíìmù máa ń tan ara wọn jẹ náà?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Tí tíìmù kan bá fẹ́ ta agbábọ́ọ̀lù fún òmíì, wọ́n máa fi ìwé ìlera ẹ̀ hàn wọ́n. Lọ́dún 2016, San Diego Padres ta Drew Pomeranz fún Red Sox lóṣù keje, wọ́n tún ta Colin Rea fún Miami Marlins. Eré àkọ́kọ́ tí Rea gbá fún Miami ni ìgúnpá ti mú un, inú bí Miami débi pé ó di dandan kí Padres gbà á padà. Red Sox náà ní àwọn ò rí gbogbo ohun tó yẹ kí àwọn rí nípa Pomeranz. Ìròyìn jáde pé Padres ní ìwé ìlera méjì méjì, ọ̀kan fún ara wọn, èkejì fún ará ìta. Líìgì ṣèwádìí, lóṣù kẹsàn-án wọ́n ní kí A.J. Preller, ọ̀gá tó ń ra tó ń tà fún Padres, lọ jókòó sílé fún ọjọ́ 30 láìgba owó. Preller ní òun ò ní èrò ibi lọ́kàn, òun ò mọ̀ọ́mọ̀ bo nǹkan. Títí dòní ni àwọn kan fi ń sọ pé ọjọ́ 30 ti kéré jù.

Ìyẹn jẹ́ kí àyẹ̀wò ṣáájú kọ́ńtíráàkì le koko. Ní ìparí 2022, Carlos Correa àti Giants ti fẹnu kò sí ọdún 13 àti mílíọ̀nù 350 dọ́là, àwọn oníròyìn ti ń múra àtiwá, Giants ní kí wọ́n dúró ná: ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́dún 2014 ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mets sáré dá sí i pẹ̀lú ọdún 12 àti mílíọ̀nù 315, dókítà tiwọn náà rí ohun kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lóṣù kìíní 2023 ló padà sí Minnesota Twins fún ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 200. Kò sẹ́ni tó ní Correa parọ́. Ẹsẹ̀ náà ò tiẹ̀ dùn ún nígbà yẹn. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń bẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà sì gé ohun tó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là kúrò.

Tí agbábọ́ọ̀lù bá ti rí irú èyí, báwo ló ṣe máa sáré lọ ya àwòrán nígbà tí kọ́ńtíráàkì ẹ̀ bá kù díẹ̀ kó parí? Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ lórí Ohtani nìyẹn lóṣù kẹjọ 2023. Nígbà tí iṣan ìgúnpá ẹ̀ ya, Perry Minasian ọ̀gá Angels sọ pé àwọn ti ní kó ya àwòrán ṣáájú, nígbà tí ìka ń fún un, pé òun àti àgẹ́ǹtì ẹ̀ ló ní kò pọn dandan. Àwọn kan di ẹ̀bi ru Ohtani, àwọn kan ní tíìmù ló yẹ kó fọwọ́ líle mú un. Kò dí i lọ́wọ́ láti rí mílíọ̀nù 700 dọ́là gbà lọ́dọ̀ Dodgers lóṣù kejìlá ọdún yẹn ṣá.

Ṣé òfin tiẹ̀ gbà kí wọ́n máa sọ àìsàn èèyàn fáyé gbọ́?

Àdéhùn tó wà láàárín líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù gba tíìmù láyè láti sọ ohun tó ṣe agbábọ́ọ̀lù tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe le tó àti ìgbà tí wọ́n rò pé ó máa padà. Àìsàn míì tí kò kan iṣẹ́ jẹ́ ti onítọ̀hún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ tí kò bá gbà. Àdéhùn náà tún fún agbábọ́ọ̀lù lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá dókítà míì tí kì í ṣe ti tíìmù. Ẹ rí i pé ó gbà wọ́n láyè láti sọ ọ́ ni, kò ní kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀.

Kí ló wá kan tẹ́tẹ́ níbẹ̀?

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ di ọ̀rọ̀ tuntun nìyí. Lóṣù karùn-ún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá láyè. Kí ọdún yẹn tó parí, MLB ti bá MGM, ilé iṣẹ́ ńlá onítẹ́tẹ́, tọwọ́ bọ̀wé. Látìgbà yẹn, bí àtàǹpàkò ẹnì kan ṣe rí ti di ohun tí àwọn èèyàn ń fi owó lé.

NFL, líìgì football àwọn ará Amẹ́ríkà, ní òfin lórí èyí: tíìmù gbọ́dọ̀ máa gbé ìwé jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó lè gbá, ẹni tí kò dájú, ẹni tí kò ní gbá. Lọ́dún 2009 wọ́n bu owó ìtanràn lé New York Jets torí pé wọn ò kọ apá tó ń dun Brett Favre sílẹ̀. MLB ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n mú un wá ní tí ìròyìn bá wà níta fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí ẹni tó máa rà á lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ aṣọ àbí ẹni tó ń ra ẹsẹ̀ fún wọn. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ara èèyàn ni, kì í ṣe ọjà, pé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe orúnkún ẹnikẹ́ni, àti pé eré ojoojúmọ́ ni ti baseball, ìwé náà máa pọ̀ jù.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àlá. Lóṣù kẹfà 2024, MLB lé Tucupita Marcano kúrò nínú baseball títí ayé. Ó ti ta tẹ́tẹ́ baseball nígbà 387, owó tó lé ní 150,000 dọ́là. Lára ẹ̀, 25 jẹ́ lórí eré Pittsburgh Pirates, tíìmù tiẹ̀, ní àsìkò tí òun fúnra ẹ̀ wà lórí IL wọn tó ń gba ìtọ́jú nínú pápá wọn.

Iye ìfarapa náà ò sì dín kù. Ìròyìn tí MLB fúnra wọn gbé jáde ní ìparí 2024 sọ pé ìgbà 212 ni wọ́n kọ pitcher sórí lísìtì yẹn lọ́dún 2005, ó ti di 485 lọ́dún 2024. Ohun tí wọ́n rí gẹ́gẹ́ bí okùnfà ni pé gbogbo wọn ń fi gbogbo agbára sọ bọ́ọ̀lù, kó sáré sí i, kó yí sí i, látìgbà ọmọdé.

Báwo lèèyàn ṣe máa ka ọ̀rọ̀ tí tíìmù bá gbé jáde?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti ya àwòrán. Tí wọ́n bá ní “a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la”, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ lónìí, àbá ni. Tí wọ́n bá ní sprain ni, ẹ máa wá ìpele ẹ̀. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ má fi sọ́kàn pé ìpele kìíní ni. “Day-to-day” túmọ̀ sí pé wọn ò tíì fẹ́ lo IL, wọ́n sì lè dá ọjọ́ IL padà sẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tó bá yá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi èèyàn sílẹ̀ lórí àga fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láìsọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá gbé ẹnì kan sórí ti ọjọ́ 60, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ó ń gbádùn” tàn yín, torí àyè ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lò fún ẹlòmíì.

Tó bá sì jẹ́ pitcher ni, ẹ máa fetí sí orúkọ dókítà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n ń gbé e lọ bá Keith Meister ní Texas, tàbí Neal ElAttrache ní Los Angeles, nílé ìwòsàn tí Frank Jobe tó ṣe ti Tommy John wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, kó lọ gbọ́ tẹnu ẹlòmíì nípa ìgúnpá tó “ń ro ó díẹ̀” yẹn, wọn ò tíì sọ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ fún yín.